Ilé etíkun tí ẹ fẹ́ lọ sùn: ẹ má fi àwòrán nìkan yàn án

Tí oṣù Kọkànlá bá ti ń lọ sópin, ọ̀rọ̀ kan ni mo máa ń rí lórí WhatsApp àwọn ọ̀dọ́ Ìkòlé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó: "Níbo là ń lọ ní Detty December?" Ìdáhùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹyọ kan ṣoṣo báyìí. Etíkun ni. Àwọn ọmọ tó dàgbà sáàárín òkè àti igbó, tó jẹ́ pé omi tó tóbi jù tí wọ́n mọ̀ ni ìsédò Ero ní Ìkún-Èkìtì, fẹ́ lọ gbọ́ ìró ìgbì. Wọ́n fẹ́ ya fọ́tò lórí iyanrìn, kí wọ́n sì sùn sínú ilé tí èèyàn ti lè jí láàárọ̀ kó máa wo òkun láti ojú fèrèsé.

N ò ní kí wọ́n má lọ. Èmi náà fẹ́ràn òkun. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ni ọ̀rọ̀ ibi tí ẹ máa sùn sí, torí ìyẹn gan-an la kì í rò dáadáa. A máa ń ro aṣọ. A máa ń ro ohun mímu. A máa ń ro ẹni tó máa gbé spíkà wá. Tó bá kan ilé, ẹnì kan á kàn ju àwòrán mẹ́rin sínú gúrúpù, gbogbo ayé á ní "ó set gan-an," wọ́n á ní ká bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ní etíkun, gbogbo àwa ará òkè pátá, àlejò ni wá.

Etíkun kì í ṣe Adó

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀. Tí ẹ bá gba yàrá sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Adó, tí ẹ débẹ̀ tí iná ò sí, tí ìdun kún orí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ó kàn gbé báàgì yín, ẹ ó dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi dé òmíràn. Inú ń bí yín lóòótọ́, owó ti lọ, ṣùgbọ́n ẹ rí ibi sùn.

Etíkun tó wà nínú ìgbẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Ilashe tí àwọn ọmọ Èkó ń pariwo rẹ̀ yìí, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Ọkọ̀ ojú omi ni àlejò ń wọ̀ débẹ̀. Tarkwa Bay náà, ọkọ̀ ojú omi ni. Bí ọkọ̀ tó gbé yín dé bá ti yí padà, tí ilẹ̀ sì ṣú, ilé tí ẹ sanwó rẹ̀ yẹn ni gbogbo ayé yín títí di àárọ̀. Omi tí ẹ máa mu, iná, oúnjẹ, ẹni tó máa dá yín lóhùn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ilé.

Mo ti sùn nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Nínú àwòrán, omi inú swimming pool wọn mọ́ lóló. Nígbà tá a débẹ̀, omi náà ti di àwọ̀ ewé, ọ̀pọ̀lọ́ ń ké nínú rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kú láago méjìlá òru, a pe alámòójútó ilé, ó ti pa fóònù rẹ̀. Àwa mẹ́jọ la jókòó sí bàrándà, à ń pa ẹ̀fọn títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò sẹ́ni tó lè ní ká dìde ká lọ wá ibòmíràn, torí omi ló yí wa ká.

Ẹ má sì rò pé irú etíkun kan ṣoṣo ló wà. Tí ẹ̀rù omi bá ń bà yín, ibi tí mọ́tò ń dé wà. Ní Ikegun, Ibeju-Lekki, La Campagne Tropicana ti wà láti 1984. Wanle Akinboboye ló dá a sílẹ̀, àwọn igi etíkun sì ṣì wà nínú ọgbà rẹ̀. Àgbádárìgì ní etíkun tí ìtàn òwò ẹrú wà lára rẹ̀. Bí Èkó bá sì ti sú yín, etíkun Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Òǹdó wà níbẹ̀ fún àwa ará Èkìtì: ẹ gba Àkúrẹ́, ẹ kọjá Òǹdó àti Ọ̀rẹ̀, ẹ forí lé Òkìtìpupa, ẹ máa lọ sí ọ̀nà Arárọ̀mí. Ibẹ̀ parọ́rọ́, iyanrìn rẹ̀ gùn lọ súà. Àmọ́ ẹni tó bá ń wá ilé ìtura olówó ńlá bíi ti Èkó níbẹ̀ á wá a tì.

Àwọn tó bá fẹ́ kọjá ibodè lè gba Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Ouidah tàbí Grand-Popo ní orílẹ̀-èdè Benin. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà láyè láti wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láì gba físà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, láì gba físà kò túmọ̀ sí láìní ìwé. Ẹ mú páàsípọ́ọ̀tù yín dání, pẹ̀lú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹni tí kò bá ní ìwé ni wọ́n máa ń dá dúró ní ibodè, tí á sì máa bẹ̀bẹ̀ kiri.

Ìyàtọ̀ wà láàárín gbogbo ibi wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ìbéèrè márùn-ún wà tó yẹ kí ẹ bi ẹni tó ni ilé kí kọ́bọ̀ tó kúrò lápò yín.

Ìkíní: báwo la ṣe máa dé, báwo la ṣe máa jáde?

Kì í ṣe adírẹ́sì nìkan là ń béèrè. Èbúté wo la ti máa wọkọ̀? Ta ló ni ọkọ̀ náà? Ṣé owó rẹ̀ wà nínú owó ilé? Aago mélòó ni ọkọ̀ ìkẹyìn? Tí ẹnì kan bá ṣàìsàn lóru, ṣé ọkọ̀ kan máa wà ní ìdúró?

Àjọ tó ń rí sí ojú omi ní Èkó, LASWA, ti pa á láṣẹ pé kí gbogbo èrò wọ life jacket, kí ọkọ̀ èrò má sì rìn lóru. Tí awakọ̀ bá ní "ẹ fi sílẹ̀, kò jìnnà," ẹ bọ́ sílẹ̀. Tó bá ní òun á dúró dè yín di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ má gbà.

Àwa tá a wá láti àríwá Èkìtì, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ọ̀nà alẹ́ yé wa ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2024, àwọn agbébọn pa Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn lójú ọ̀nà lágbègbè Òkè-Àkò, nígbà tí wọ́n ń ti ìrìnàjò bọ̀. Láti ìgbà yẹn, ìyá mi kì í jẹ́ kí n kúrò ní Ìkòlé lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ mú irú ọgbọ́n yẹn lọ sí etíkun. Ìrìn láti Ìkòlé sí Èkó kì í ṣe ìrìn kékeré, ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà ṣe rí. Bí ẹ bá fẹ́ sùn sí Ilashe lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ dé Èkó lọ́jọ́bọ̀, ẹ sùn sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́, kí ẹ wọkọ̀ ojú omi láàárọ̀. Ẹ má fi òru bọ́ sórí omi tí ẹ ò mọ̀.

Ìkejì: ta ló ni ilẹ̀ tí ilé náà dúró lé?

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ìbéèrè lọ́yà nìyí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀.

Ní oṣù Kìíní 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé àwọn ará Tarkwa Bay kúrò nílé wọn. Àwọn tó ń gba àlejò, tó ń ta ẹja yíyan, tó ń kọ́ ọmọdé ní eré orí ìgbì, gbogbo wọn ló kó ẹrù jáde. Ní 2024, wọ́n wó apá kan Landmark Beach ní Victoria Island nítorí ọ̀nà etíkun tí wọ́n fẹ́ là láti Èkó dé Calabar, ọ̀nà tí wọ́n ní á gùn tó 700 kìlómítà. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣe ọjọ́ ìbí lọ́dún tó ṣáájú di àlàpà. N ò sọ pé ta ló jàre nínú ẹjọ́ náà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá sanwó oṣù mẹ́fà ṣáájú sórí ilé tó wà lójú ọ̀nà yẹn, ó yẹ kó ti béèrè.

Kì í sì ṣe ìjọba nìkan ló ń gba ilẹ̀. Òkun náà ń gbà á. Ní oṣù Kẹjọ 2012, omi òkun ya wọ Kuramo Beach ní Èkó, ó gbé ilé pákó àtàwọn tó ń sùn nínú wọn lọ. Ayétòrò ní Ìlàjẹ, ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tó ti fìgbà kan jẹ́ ìlú àwòkọ́ṣe, òkun ti jẹ ibi púpọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní "ilé wa kan omi gbọ́n-ún," ẹ má kàn máa yọ̀. Ẹ béèrè pé níbo ni omi máa ń dé tó bá kún. Ẹ ní kí wọ́n fi fídíò hàn yín. Ilé tó fà sẹ́yìn díẹ̀, tí àgbọn àti koríko wà láàárín òun àti òkun, ó sàn ju èyí tí ìgbì ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, bí fọ́tò rẹ̀ ò tiẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ìkẹta: ta ló máa wà níbẹ̀ lóru?

Ìbéèrè yìí la fi ń mọ ilé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ alámòójútó, ẹ pe nọ́ńbà rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ béèrè bóyá ó ń sùn sínú ọgbà. Ẹ béèrè ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Tó bá wà lábẹ́ fèrèsé yàrá, ẹ má gba yàrá yẹn. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide, a kì í rí i, kì í sì í rùn. Ẹni tó ń sùn lọ́wọ́ kò ní mọ̀ pé ó ń pa òun. Àwọn ilé tí wọ́n ń lo sólà ti ń pọ̀ báyìí, ẹ béèrè bóyá ó lè gbé fáànù di àárọ̀.

Ẹ tún béèrè bóyá ẹni tó mọ òkun wẹ̀ dáadáa wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ àwọn àlejò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ odò wẹ̀ ní Ìkòlé, mo kí yín, ṣùgbọ́n òkun ò dà bí odò. Omi kan wà nínú òkun tó máa ń wọ́ èèyàn láti etí lọ sáàárín. Ẹ lè rí i bí ẹ bá fara balẹ̀ wò: ibi tí ìgbì ò ti fọ́ bíi ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí omi rẹ̀ dúdú díẹ̀, tó sì dà bíi pé ibẹ̀ ló parọ́rọ́ jù. Ìparọ́rọ́ yẹn ló ń tan àlejò. Bó bá gbé yín, ẹ má bá a jà, ẹ má sì wẹ̀ tààrà padà sí etí, torí agbára yín á tán. Ẹ wẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, títí ẹ ó fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ tó yíjú sí ilẹ̀. Bí ẹ ò bá lè wẹ̀, ẹ léfòó, ẹ na ọwọ́ sókè, ẹ ké. Tí ẹ bá sì ti mu ọtí, ẹ jókòó sórí iyanrìn. Omi ò lọ́tàá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lójú àánú náà.

Ìkẹrin: èló ni gbogbo rẹ̀?

Ọmọ àbúrò ìyá mi kan wà ní FUOYE, ní ọgbà Ìkòlé. Lọ́dún tó kọjá ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi: "Àǹtí Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa wo ilé yìí. Àwa mẹ́wàá ni, òru méjì. 350 ni lálẹ́ kan."

Mo ní, "Ó dáa. Ọkọ̀ ojú omi ńkọ́?"

"Wọ́n ní àwa la máa gbà á mà."

"Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?"

"Aago méje alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀ ni. Tá a bá fẹ́ iná lọ́sàn-án, a máa fi owó díísù kún un."

"Ta ló máa se oúnjẹ?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n mà."

Nígbà tó bi wọ́n tán, ẹ wo bí ìṣirò ṣe rí. Owó ilé fún òru méjì, ₦700,000. Ọkọ̀ ojú omi àlọ àtàbọ̀, ₦150,000. Díísù ọ̀sán, ₦80,000. Ẹni tó máa dáná, ₦60,000, torí wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọ kíṣìnì. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦990,000. Wọ́n tún ní kí wọ́n san caution fee ₦100,000, èyí tí wọ́n máa dá padà bí ohunkóhun ò bá bàjẹ́. Owó tí wọ́n gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbéra di ₦1,090,000. Àwọn ọmọ yìí ti sọ fún ara wọn pé ₦70,000 ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. ₦109,000 ló kàn wọ́n, a ò sì tíì ka owó mọ́tò láti Ìkòlé dé Èkó, a ò ka oúnjẹ fúnra rẹ̀.

Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la fi ń san án. Sàpá oṣù Kìíní ò mọ ẹni tó ya fọ́tò tó dáa.

Ohun míì tún wà. Owó orí VAT jẹ́ 7.5% láti oṣù Kejì 2020. Èkó náà ní òfin láti 2009 tó gba 5% lórí owó yàrá òtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ ilé àrójẹ. Bí wọ́n bá fi méjèèjì lé ₦700,000, ₦87,500 míì nìyẹn. Nítorí náà, ẹ bèèrè lọ́rọ̀ tó ṣe kedere: "Ṣé owó orí wà nínú iye yìí àbí ẹ ṣì máa fi kún un?" Kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀. Òfin Ìdíje àti Ìdáàbòbò Oníbàárà ti 2018 sọ pé kí olókòwò fi iye ọjà hàn, kò sì yẹ kí oníbàárà san ju iye tí wọ́n fi hàn án lọ. Ẹni tó sọ iye kan fún yín lórí fóònù, tó wá sọ òmíràn ní èbúté, òfin ò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Ìkarùn-ún: kí ló wà nínú ìwé?

Ibí yìí ni iṣẹ́ mi gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, "No refund" tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé ìdíyelé dà bí ọ̀rọ̀ inú Bíbélì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Abala 120 nínú òfin 2018 yẹn fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé yàrá tàbí iṣẹ́ tó ti gbà sílẹ̀ ṣáájú. Ẹni tó ni ilé lè yọ owó díẹ̀ fún ìfagilé náà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó mọ́gbọ́n dání. Bí ẹ bá sọ fún un ní oṣù kan ṣáájú, tó ṣì ní àyè láti wá àlejò míì, kò rọrùn láti ṣàlàyé ìdí tó fi máa jẹ gbogbo owó yín. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹ yẹ kó dé gan-an lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ jẹ́ olóòótọ́ pẹ̀lú ara yín lórí ìyẹn, torí ẹni tó ni ilé náà ń wá oúnjẹ òòjọ́.

Bákan náà ni ti àwòrán. Ẹni tó fi àwòrán ilé tó dáa polówó, tó wá kó yín sí ilé tí kò rí bẹ́ẹ̀, ó ti tan oníbàárà jẹ, òfin ò fàyè gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ ní láti ní ẹ̀rí. Ẹ tọ́jú àwòrán ìpolówó náà, ẹ tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ WhatsApp, ẹ ya fídíò ilé náà ní kété tí ẹ bá wọlé, kí ẹ tó gbé báàgì kalẹ̀. Láti ìgbà Òfin Ẹ̀rí ti 2011, ilé ẹjọ́ ń gba ẹ̀rí tó ti inú kọ̀ǹpútà àti fóònù jáde, bí ẹ bá tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀. Èkó sì ti ní kóòtù kan fún gbèsè kékeré láti 2018, tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ẹ ó kọ́kọ́ kọ lẹ́tà béèrè owó yín. Bí wọn ò bá san án, ẹ lè lọ síbẹ̀ láìní lọ́yà. Ẹ wò ó, èmi tí mo jẹ́ lọ́yà ni mò ń sọ fún yín pé ẹ lè ṣe é láìsí wa.

Àmọ́ òfin kankan ò lè gba owó yín padà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀. Obìnrin kan láti Ìdó wá bá mi lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ó ti fi owó ilé etíkun ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó bá pàdé lórí Instagram. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ dé èbúté, awakọ̀ ojú omi ní òun ò gbọ́ orúkọ ilé náà rí. Ilé tó wà nínú àwòrán ọ̀hún kò sí ní Nàìjíríà rárá. Wọ́n padà sí ilé àbúrò ọkọ rẹ̀ ní Ìkòròdú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ọdún.

Láti dènà irú èyí, ẹ gbé àwòrán náà sí Google kí ẹ wo ibi tó ti wá. Ẹ ní kí alámòójútó pè yín lórí fídíò, kó rìn láti yàrá dé etí òkun lójú yín. Ẹ wo bóyá orúkọ àkáǹtì bá orúkọ iléeṣẹ́ mu, kí ẹ sì wo orúkọ iléeṣẹ́ náà lórí ìkànnì CAC. Ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n bá lè gba ìdajì. Ẹni tó bá ń kán yín lójú pé "àwọn kan fẹ́ gbà á báyìí o," ẹ jẹ́ kí àwọn yẹn gbà á.

Iṣẹ́ ta ni?

N ò fẹ́ kó dà bíi pé gbogbo ẹrù yìí, orí oníbàárà nìkan ló wà. Ní oṣù Keje 2013, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ nínú ẹjọ́ tó wà láàárín ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ Èkó pé fífún òtẹ́ẹ̀lì níwèé àṣẹ àti àbójútó wọn, ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ló wà. Èkó jà fún agbára yẹn, ó sì gbà á. Ó wá yẹ kí agbára náà hàn ní etíkun. Kí ni ìṣòro nínú kí ìpínlẹ̀ Èkó àti Òǹdó gbé orúkọ gbogbo ilé etíkun tó ní ìwé àṣẹ sórí ìkànnì kan, tí ọmọ Ọ̀yẹ́ lè wò lórí fóònù rẹ̀ kó tó sanwó? Kí ni ìṣòro nínú kí wọ́n má fún ilé kankan níwèé àṣẹ tí kò bá ní life jacket, àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì àti ẹni tó ń ṣọ́ omi?

Ìdájọ́ kan náà ló fi iṣẹ́ yìí lé ìjọba Èkìtì lọ́wọ́. Torí ẹ̀yin tí owó òkun bá ga jù fún, omi wà nílé. Ìkógòsì wà níbẹ̀, tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Omi Àrinta ń já látorí àpáta ní Ìpólé-Ìlórò, kò sì jìnnà sí Ìkógòsì. Ẹ lè jí kúrò ní Ìdó láàárọ̀, kí ẹ débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ má sì rò pé torí pé ilé ni, ìbéèrè márùn-ún wọ̀nyẹn ò kàn án. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ò mọ̀ bóyá ọmọ Èkìtì lẹ jẹ́.

Àwọn kan á ní mo ti sọ ìgbafẹ́ di ẹjọ́. Wọ́n ní ọ̀dọ́ ni wá, ká jẹ́ kí nǹkan ṣàn bó ṣe ń ṣàn. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ láti bi ẹnì kan ní ìbéèrè márùn-ún lórí fóònù, ẹni tó ní ilé tó dáa kì í sì bínú sí i. Inú rẹ̀ á dùn pé àlejò tó mọ ohun tó ń ṣe ló ń bọ̀. Ẹni tó bá ń bínú, tó ń ní "ṣé ẹ fẹ́ wá àbí ẹ ò fẹ́ wá," ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Nítorí náà, kí ẹ tó dá owó nínú gúrúpù yín lọ́dún yìí, ẹ yan ẹnì kan tí kì í tijú. Kó da àwọn ìbéèrè yìí kọ: ọ̀nà, ilẹ̀, òru, owó, ìwé. Kó pe ẹni tó ni ilé, kó tẹ spíkà fóònù kí gbogbo yín gbọ́. Bí kò bá rí ìdáhùn tó gún régé sí mẹ́ta nínú wọn, ẹ má fi tíránsífà ránṣẹ́. Ilé míì wà, òkun náà ò sì ní gbẹ.